Ọkọ̀ Ọdẹ́rìndé Nínú Igbó Ọ̀gìnnìtìn

Ẹ fà mọ́ra díẹ̀ sí i, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ohùn mi kò ròkè mọ́ bí ìgbà tí mo fi ń pe ẹfọ̀n níjà. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó wú u báyìí, ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n kó tètè lọ, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò ní dá a dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi Akínwọnmí tí ẹ ń wò yìí ti bá iwin jìjàkadì. Mo ti na ebora kan ní pàṣán tó fi ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí, bí ológbò bá sín lójijì, ẹ ó ta gìrì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi la fẹ́ sọ lónìí. Ti Ọdẹ́rìndé ni, ọ̀rẹ́ mi tó ti lọ síbi àgbà ń rè, tí àwa méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lábẹ́ ọ̀gá kan. Ojúkojú ló sọ ọ́ fún mi. Oòrùn ọ̀sán ń ràn wá lórí, òun sì ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọdẹ́rìndé bí, obìnrin, Ìbídùn lorúkọ rẹ̀. Ìbídùn fẹ́ Láníhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan láti Ìlú Ìkùukùu, ìlú orí òkè tó wà lẹ́yìn Igbó Ọ̀gìnnìtìn. Ọdẹ́rìndé kò fẹ́ràn ọkùnrin yìí rárá. Ó ní ọkùnrin tí kò lè jágbe mọ́ ajá, kí ni yóò fi gba ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjà? Ṣùgbọ́n a kì í bá ọmọ yan ẹni tí yóò wù ú, ó sì jẹ́ kó lọ.

Nígbà tó ṣe, arìnrìn-àjò kan mú ìròyìn wá pé Ìbídùn ti bí ọmọbìnrin. Ó ní nígbà tí oyún náà kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ jáde nílé, pé òun ń lọ pe bàbá ìyàwó òun wá, láti ìgbà náà ni wọn kò ti gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọdẹ́rìndé kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó bọ́ sí ojúde, ó pariwo tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.

"Ó ti sá! Ṣebí mo sọ? Ọmọ ń bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó sá lọ!"

Inú bí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi bi ara rẹ̀ léèrè pé ibo gan-an lèèyàn ń sá gbà nínú irú igbó bẹ́ẹ̀.

Ìyókù ìròyìn náà ló wá burú jù. Ní Ìlú Ìkùukùu, ààrò ọba nìkan ni iná kì í kú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ẹyín iná fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé tí ọkọ àti aya kò bá pé síbẹ̀, wọn kì í bu iná fún un. Òfin wọn nìyẹn, wọn kì í sì í yẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbídùn wà nínú ilé tí kò ní iná pẹ̀lú ọmọ jòjòló, bẹ́ẹ̀ sì ni òtútù ìlú náà ń pa àgbàlagbà.

Ọdẹ́rìndé ní ọkọ̀ kan, ọkọ̀ àtijọ́ tó rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé. Ọkọ̀ náà dàgbà ju Ìbídùn lọ, ariwo rẹ̀ sì máa ń lé ẹran kúrò nínú igbó kí ọdẹ tó débẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì rẹ̀ ni kókó kan wà tí wọ́n kùn ní pupa lápá kan. Bí o bá yí i, ooru á máa fẹ́ wọ inú ọkọ̀. Hítà ni wọ́n ń pè é. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Ta ló ń wá ooru ní ìlú tiwa, níbi tí adìyẹ ti ń la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ igi? Ọdẹ́rìndé kò yí kókó náà rí títí dọjọ́ tó gbéra.

Lẹ́nu igbó náà, ó bá ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí gbòǹgbò igi. Yìnyín bo irun rẹ̀, yìnyín bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọdẹ́rìndé bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, ìyá."

"Ọdẹ, òfin igbó yìí kò pọ̀," ni ìyá náà wí. "Má dá iná sórí ilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo àwọn tí òtútù ti pa síbí ló ń wá ooru. Bí wọ́n bá rí iná, wọn á ya bò ó, ooru á yọ́ wọn bí òrí, omi ara wọn á sì pa iná náà. Òkú tó bá yọ́ báyẹn, ó parí fún un nìyẹn. Kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá rẹ̀ láéláé."

"Ṣé wọn kò mọ̀ ni, ìyá?"

"Wọ́n mọ̀. Òtútù ni kò jẹ́ kí wọ́n fara dà á. Ìkejì, òkú kì í ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bí o kò bá ṣí i fún wọn, wọn kò lè wọlé tọ̀ ọ́. Wàyí o, dá mi lóhùn kí o tó kọjá. Kí ni ó ń gbóná bí ó bá dúró, tí ó ń tutù bí ó bá ń sáré?"

Ọdẹ́rìndé ronú títí, ó ní, "Ìbínú ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín tí yìnyín fi ń já bọ́ ní àgbọ̀n rẹ̀. "Ìbínú tìrẹ kọ́ ni mo bi ọ́. Máa lọ, ọ̀nà ni yóò dá ọ lóhùn."

Ẹ má bi mí bóyá èmi ì bá mọ̀ ọ́n. Ọdẹ tó gbọ́n kì í dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í.

Kò sí oòrùn nínú igbó náà, kò sì sí òru. Ìmọ́lẹ̀ kan tó ní àwọ̀ eérú ni gbogbo rẹ̀, àti kùrukùru tó ń rìn láàárín igi. Ọdẹ́rìndé yí kókó pupa náà, ooru dé, ó dùn mọ́ ọn. Nígbà náà ló rí wọn. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, aṣọ wọn ti gan paali lára wọn, ojú wọn funfun. Wọn kò kígbe, wọn kò sáré. Wọ́n kàn ń rọra bọ̀, wọ́n ń fi èékánná kan gíláàsì, wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bùn mí díẹ̀. Bùn mí díẹ̀." Ó gbọ́ ohùn ọmọdé láàárín wọn, ó sì gbọ́ ohùn àwọn abiyamọ. Orí rẹ̀ wú, ó tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sá. Bó ṣe ń sáré ni ooru kúrò nínú ọkọ̀ pátápátá. Nígbà tó wọ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tó sì ń fà díẹ̀díẹ̀, ooru padà dé. Ó tún sá, ooru tún lọ. Ó dá ara rẹ̀ lójú pé àwọn òkú yìí ni wọ́n ń fa ooru náà mu, ó sì ń gbé wọn ṣépè lọ.

Báyìí ló ṣe dé Ìlú Ìkùukùu. Méjìméjì làwọn ará ibẹ̀ ń rìn, nínú aṣọ ìbora kan ṣoṣo, tọkọ taya, ìyá àti ọmọ, ọ̀rẹ́ méjì. Bí wọ́n ti rí Ọdẹ́rìndé tó dá wà nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n yà fún un bí ẹni tó rí òkú. Ó bá Ìbídùn nínú yàrá tí ààrò rẹ̀ ti tutù. Ìbídùn fi ọmọ náà há àyà, ètè rẹ̀ ti dúdú.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀," ló wí. "Ṣé ẹ rí i? Ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun ń bọ̀."

"Ẹni tó ń sá kì í sọ pé òun ń sá," ni Ọdẹ́rìndé dá a lóhùn. "Dìde, ká máa lọ."

Ìbídùn wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, omijé rẹ̀ sì dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó tó nù ún.

Ní báyìí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀ràn ti yí padà. Ọdẹ́rìndé nìkan ló lọ, àgbà ọkùnrin sì lè pa eyín pọ̀ kí ó fara da òtútù. Ṣùgbọ́n ọmọ jòjòló kò mọ ìfaradà. Nígbà tí ooru bá wà, ọmọ náà á máa ké. Bí ooru bá lọ, igbe rẹ̀ á máa rẹlẹ̀ sí i, á di ìkùnsínú, á sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Ọdẹ́rìndé bẹ̀rù ju gbogbo òkú tó wà nínú igbó lọ. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, òun kò mọ̀ pé igbe ọmọ lè dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọkọ̀ náà. Ó yí kókó sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Okùn irin tó so mọ́ ọn ń fà bó ṣe yẹ. Ó gbé ọwọ́ sí ojú ihò tí atẹ́gùn ti ń jáde. Atẹ́gùn ń fẹ́ gidi, ooru ni kò sí nínú rẹ̀. Ó dúró, ó ní kí Ìbídùn má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí, ó yọ́ bọ́ síta, ó sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Àwọn òkú ń sún mọ́ ọn. Ó fi àkísà di ọmọrí rédíétọ̀ mú, níbi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń gba atẹ́gùn níwájú ọkọ̀, ó ṣí i, omi kún inú rẹ̀. Ó dé e padà, ó di àwọn páìpù méjèèjì tó ń gbé omi wọ hítà mú. Ọ̀kan kò gbóná ju èkejì lọ, nítorí náà kò sí ohun tó dí wọn. Omi ń lọ, omi ń bọ̀, omi náà fúnra rẹ̀ ni kò gbóná. Ó ṣì di páìpù mú, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ni ó rí i pé ó ti ń jó òun lọ́wọ́. Ìbídùn sì pariwo látinú ọkọ̀.

"Bàbá, ooru ti dé o!"

Ọdẹ́rìndé dúró bí ère. Àwọn òkú yí i ká ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, síbẹ̀ ooru dé. A jẹ́ pé àwọn kọ́ ló ń jí i. Sísá tí òun ń sá fún wọn ló ń lé ooru lọ! Ó gbóná bí ó bá dúró, ó tutù bí ó bá ń sáré. Ó fi ọwọ́ lu orí ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, ẹ má sùn. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀, àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi ilẹ̀kùn idẹ kékeré kan síbẹ̀, tẹmọsítáàtì ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ilẹ̀kùn náà á tì, omi á wà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná dáadáa. Ìgbà tó bá gbóná tán ni ilẹ̀kùn á ṣí, kí omi lè lọ gba atẹ́gùn ní rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n kí la ń ṣe ní ìlú tiwa? Ọjọ́ tí a bá ti ra ọkọ̀ la ti ń yọ ọ́ sọnù. Lákùnlé mẹkáníìkì fi èyí jẹun títí ó fi kọ́lé. "Ooru ilẹ̀ wa ti tó," ló máa ń wí, "ẹ jẹ́ kí omi máa rìn fàlàlà." Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ ló dúró tì í tó fi yọ tirẹ̀, ó tún fún un ní itan ìgalà lé e. Nílé, ohun tó dára ni. Nínú Igbó Ọ̀gìnnìtìn, bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ yìnyín á máa fẹ́ lu rédíétọ̀, omi á tutù, kò sì sí ilẹ̀kùn tí yóò dá a dúró. Ta ni nínú ẹ̀yin tó ní ọkọ̀ níbí tí kò tíì yọ tirẹ̀? Ẹ wo bí ẹ ṣe ń wolẹ̀.

Àgbà ọdẹ kì í wá ọgbọ́n tì. Ó ká ẹní rẹ̀, ó fi bo iwájú rédíétọ̀, ó fi okùn dì í le, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Ooru wọlé, ó sì dúró síbẹ̀ bó ti wù kí ọkọ̀ sáré tó. Ọmọ náà figbe ta, Ìbídùn sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n dé ibi òkè kan tó ga, ọkọ̀ ń gùn ún tagbáratagbára, omi hó! Èéfín rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn òkú sì rọ́ dé. Wọ́n gbé ojú sí èéfín náà, wọ́n ń mí in sínú, wọ́n ń yọ́ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí wọ́n ṣe ń yọ́. Ọdẹ́rìndé ní ẹ̀rín yẹn lòun ń rí nígbà tí òun bá fẹ́ sùn, títí dọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi. Ó já okùn, ó tú ẹní náà, ó da omi tó kù nínú akèrègbè sínú rédíétọ̀.

Bí ó bá bò ó, ẹ́ńjìnnì á jó. Bí ó bá ṣí i, ọmọ á kú. Ẹnìkan ní láti dúró níwájú ọkọ̀ náà, kó máa bò ó, kó máa ṣí i, bí ọ̀nà bá ṣe rí. Ìbídùn gbé ọmọ dání, Ọdẹ́rìndé alára ló ń wa ọkọ̀. Ó jókòó sídìí sítíárì, ó sì sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni o, Ọdẹ́rìndé tó pa ẹfọ̀n sunkún, ẹni tó bá rí i bí ohun ẹ̀rín kó dìde kó lọ sílé rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn òkú náà kò kan gíláàsì, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kan. Ó rìn wá síwájú ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀nà."

Láníhùn ni.

Ìbídùn figbe ta. "Olówó orí mi!" Ó gbá ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Má ṣí i!" ni Láníhùn wí. "Ìbídùn, mo bẹ̀ ọ́, má ṣí i. Ooru tó wà níbẹ̀, ti ọmọ ni."

Ọwọ́ Ìbídùn wà lórí irin ilẹ̀kùn náà. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò.

"Wọ́n ní o sá," ni Ọdẹ́rìndé wí. Ó fẹ́ kí ohùn òun le, kò le.

"N kò sá, Bàbá. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Òtútù dá mi dúró lójú ọ̀nà, mo jókòó pé kí n sinmi díẹ̀." Ó wo inú ọkọ̀. "Kí ló bí?"

"Obìnrin."

Láníhùn tú aṣọ ìbora rẹ̀ tó gan. Ó gun bọ́ńpà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó kọjú sí gíláàsì, ó sì na aṣọ náà bo rédíétọ̀. "Ẹ máa wa ọkọ̀ lọ, Bàbá. Èmi á máa wò ó."

Ọdẹ́rìndé mọ ohun tí ooru ń ṣe fún òkú. Ó mọ̀ pé ọkùnrin tó dúró níwájú òun mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ó fi ọkọ̀ sí jíà.

Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, Láníhùn á bo rédíétọ̀. Bí wọ́n bá ń gun òkè, á ṣí i. Ooru inú ọkọ̀ kò dín, kò lé. Ìbídùn gbé ọmọ náà sókè, ó gbé e sún mọ́ gíláàsì kí bàbá rẹ̀ lè rí ojú rẹ̀, Láníhùn sì ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Omi ń kán láti ìka rẹ̀. Omi ń ṣàn láti ìgbúnwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn òkè kan, wọ́n rí i pé wọ́n ti ń rí igi ẹ̀yìn rẹ̀ gba inú àyà rẹ̀ kọjá. Ìbídùn ń sọ̀rọ̀ fún un ní gbogbo ọ̀nà. Ó ń sọ bí ọmọ ṣe bọ́ sáyé, ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀, bó ṣe máa ń di ìka mú. Ọdẹ́rìndé ní òun kò gbọ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Lórí òkè tó kẹ́yìn, wọ́n rí oòrùn ìlú wa lọ́ọ̀ọ́kán. Ọdẹ́rìndé tẹ bíréèkì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró níwájú ọkọ ọmọ rẹ̀, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èéfín.

"Ó tó, ọmọ mi. Sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà àwọn bàbá rẹ ṣì là fún ọ. Èyí tó kù, a ó rìn ín bẹ́ẹ̀."

"Ìsàlẹ̀ òkè yìí ló tutù jù, Bàbá," ni Láníhùn wí. "Ibẹ̀ ni mo jókòó sí."

"Ṣé o ò bẹ̀rù ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, Bàbá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ọdẹ́rìndé wọlé. Òkè náà gùn, ọkọ̀ sì ń já lọ bí ẹni tí wọ́n tì. Atẹ́gùn yìnyín ń hu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ gbóná, ọmọ náà sì ń ké kíkankíkan. Wọ́n já sí oòrùn. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé sọ̀ kalẹ̀ tó lọ wo iwájú, aṣọ ìbora náà nìkan ló bá níbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀, ó rin gbindin, ó sì ń kán.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Gbogbo wa péjọ, èmi náà wà níbẹ̀. Olórí ẹbí gbé ọmọ sókè, ó fi oyin kàn án lẹ́nu, ó ní, "Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí láyé nígbà tí a ó sọ ọ́ lórúkọ, a kì í wá orúkọ rẹ̀ jìnnà. Babárímisá ni àwọn baba wa ń sọ irú wọn. Bàbá rí i, ó sá lọ." Àwọn ènìyàn ní kó rí bẹ́ẹ̀.

"Kò sá," ni Ọdẹ́rìndé wí.

Ó dìde, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ níṣojú àwọn àna, níṣojú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo pariwo fún yín pé ó sá. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọkùnrin náà. Ó dúró. Ó dúró títí kò fi sí mọ́. Babádúró lorúkọ ọmọ yìí."

"A kò gbọ́ irú orúkọ yẹn rí," ni olórí ẹbí wí.

"Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí."

Ìbídùn gba ọmọ rẹ̀, ó fi ẹnu sí i létí, ó sì pe orúkọ náà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ló dé tí a fi ń pe ọmọbìnrin yẹn ní Babádúró ní kíkún, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo orúkọ yòókù ní ìlú yìí la máa ń gé kúrú. Láníhùn kò sí láyé, kò sì sí lọ́run. Kò sí ojú oórì tí a lè lọ, kò sí ọjọ́ tí a lè pè é kó gbọ́. Orúkọ ọmọ yẹn nìkan ni ibi tó kù tó wà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi gé e. Mo ti sọ ọ́ tán, ẹ fà mí dìde, orúnkún mi ti kú.